Ìdí Tí Alápàńdẹ̀dẹ̀ Fi Ń Gbé Abẹ́ Òrùlé Ènìyàn

Ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn kọ́ sí ọ̀dàn wó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ tán.

Ìgbà láéláé ni. Nígbà náà, inú igbó ni gbogbo ènìyàn ń gbé. Ẹranko àti ẹyẹ nìkan ló ni ọ̀dàn. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kò mọ òrùlé kankan. Ara àpáta lẹ́bàá odò ló ń mọ ìtẹ́ sí, lọ́dọọdún sì ni omi òjò ń gbé ìtẹ́ náà lọ, tẹyin tẹyin.

Láṣebìkan àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó kúrò nínú igbó, nítorí ilẹ̀ oko kò tó àwọn ará ilé wọn pín mọ́. Apẹ̀rẹ̀ irúgbìn ọkà bàbà kan ṣoṣo ni wọ́n rù. Ẹ̀gbọ́n Láṣebìkan rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Ẹ máa lọ o," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba yàrá yín. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, ẹ ó ti padà dé."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn. Koríko ni wọ́n bá, koríko títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Ìwọ̀nba igi tó wà níbẹ̀ kúrú, wọ́n sì wọ́.

Nínú igbó, ọ̀pá ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀. Wọn á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ilé á sì parí kí oòrùn tó wọ̀. Láṣebìkan kò rí ọ̀pá tó tó, ó ní amọ̀ nìkan náà á ṣe é. Òun àti Àwẹ̀ró fi ẹsẹ̀ po amọ̀ láti àárọ̀, wọ́n mọ ògiri títí ó fi ga jù wọ́n lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ògiri náà tẹ̀, ó sì ya lulẹ̀ gbì.

Awó tó ń jẹ̀ nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará igbó! Ilé lẹ kọ́ ni, àbí ẹ̀kọ lẹ rò?"

"Ìwọ tó ń yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀," Láṣebìkan dá a lóhùn, "ìwọ náà ń fi kọ́lékọ́lé ṣe yẹ̀yẹ́?"

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Apẹ̀rẹ̀ irúgbìn ló ń wò.

"Olówó orí mi," ó ní, "bí òjò bá pa ọkà yìí, kò sí ohun tí a ó gbìn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín la ó padà sí."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ pọn omi lódò, ó sì rí alápàńdẹ̀dẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹyẹ náà lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ àpáta, ó dúró. Nígbà tó gbẹ, ó lẹ òmíràn lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Àwẹ̀ró ní. "Kí lẹ ń dúró dè?"

"Oòrùn ni. Mo ti ṣe tèmi, ó ku tirẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ wa."

"Tí mo bá kọ́ yín, ṣé ẹ ó fún mi níbi tí omi ò ti ní gbé ẹyin mi lọ?"

"Bí ilé wa bá dúró, tiyín ni abẹ́ òrùlé rẹ̀. Ọmọ wa kankan ò sì ní fi igi gún ìtẹ́ yín."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ní kí wọ́n gé koríko gbígbẹ sínú amọ̀. Ó ní kí wọ́n mọ ìpele kan tí kò ga dé orúnkún, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n mọ ìkejì, wọ́n dúró. Wọ́n mọ ìkẹta, wọ́n dúró. Wọ́n mọ ìkẹrin, ògiri dé àyà Láṣebìkan. Ni ojú ọ̀run bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

"Ẹ jẹ́ ká mọ méjì papọ̀ lónìí!" Láṣebìkan pariwo.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ bà sórí ògiri. "Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò."

Láṣebìkan tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ wọlé.

"Ẹ mọ méjì," ẹyẹ náà ní, "kí ẹ tún rí ẹ̀kọ rò."

Láṣebìkan jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀.

"Ṣé dandan ni kí ilé ga ni? Ẹ jẹ́ kí eléyìí gbẹ, ká bò ó bó ṣe wà. A ó máa tẹrí ba wọlé."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé koríko bẹẹrẹ tí ògiri fi ń gbẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni wọ́n bo ilé náà tán. Òjò dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tòun tìjì. Ó lu ògiri níwájú, ó lù ú lẹ́yìn. Ògiri kò mì. Àwẹ̀ró ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀: ọkà gbẹ. Ó pariwo ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Láṣebìkan fi bẹ́ sókè, tó sì forí gbá òrùlé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ fò wọlé, ó gbọn omi nù lára ìyẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ìtẹ́ rẹ̀ yóò wà.

Ọkà wọn so. Nígbà ìkórè, ẹ̀gbọ́n Láṣebìkan wá wò wọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bí yóò ṣe wọlé.

"Ẹ tẹrí ba, ẹ̀gbọ́n mi," Láṣebìkan ní. "Ibí yìí ń gba ìtẹríba."

Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba. Ó jẹun yó, ó wo ògiri yíká, ó wo àká tó kún.

"Ẹ bá mi bẹ ẹyẹ yín," ó ní. "Èmi náà ń kó bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ti ń mọ ìtẹ́ rẹ̀ sábẹ́ òrùlé ènìyàn, tí kò sì bẹ̀rù wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìlà ti ń wà lára ògiri amọ̀, níbi tí ìpele kan ti gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ibi tí Láṣebìkan àti Àwẹ̀ró tẹ̀ dó sí ti di ìlú. Kò sí ilé kan níbẹ̀ tí kò ní ìtẹ́ alápàńdẹ̀dẹ̀.