Ìka Mẹ́rin Létí Kòtò Amọ̀

Ìbíwùmí amọ̀kòkò kì í gba ìkòkò gbọ́ láìkàn án. Bí ó bá ti yọ ọ́ nínú iná, á fi ìka kàn án kó-kó-kó, á tẹ́tí, á tún wo ojú rẹ̀ yíká. Ìkòkò tó ń dán tí ohùn rẹ̀ há, ó ti sán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Fádèyí, ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ṣe ń dún létí rẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ wá sí Òkè-Amọ̀, ó dúró létí kòtò tí àwọn obìnrin ti ń wa amọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Fádèyí fajú ro.

"Inú ń bí ọ̀gá o! Wọ́n ní àwọn á dí kòtò yìí. Ẹ wá ewúrẹ́ mẹ́ta wá lọ́la, kí n fi bá yín bẹ̀ wọ́n."

Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Bí kòtò bá dí, kí ni wọn ó fi mọ ìkòkò?

"Ẹ̀gbọ́n," Ìbíwùmí ní, "ṣé ẹni tínú ń bí ló ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín báyìí?"

"Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ni? Òwe lòyìnbó ń pa! Bí òjò bá rọ̀ gan-an, wọ́n á ní ológbò àti ajá ló ń rọ̀. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á ní ó ta garawa nípàá. Ẹ̀rín yẹn náà, òwe ni."

Ara fu Ìbíwùmí. Gbólóhùn bíńtín yẹn, ibo ni ewúrẹ́ mẹ́ta gbà wọ inú rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń fa ewúrẹ́ bọ̀, ó gbé ìkòkò tuntun, ó kọrí sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀ tó tún ti wá sétí kòtò.

Fádèyí sáré dí i lọ́nà. "Kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ mi!"

"Èmi ò sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìkòkò ni mo gbé."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó dúró síwájú òyìnbó, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó kan ìkòkò náà, ó nà án sí i. Ajẹ́lẹ̀ náà kàn án, ó fetí sí i bí oníbàárà, ojú rẹ̀ tú ká. Ó nàka sí kòtò, ó nàka sí ìkòkò, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, ó wá na ìka mẹ́rin sókè. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló ń fẹ́! Ta ni yóò máa fẹ́ ìkòkò, tí yóò tún dí kòtò amọ̀?

Ìyá Alámọ̀, olórí wọn, fa okùn ewúrẹ́ rẹ̀ padà.

"Fádèyí ọmọ mi, ìka mẹ́rin yẹn ńkọ́? Ṣé òwe ni?"

Ilẹ̀ ni Fádèyí ń wò. Ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Òkè-Amọ̀, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: ojú lọ̀rọ̀ wà.