Òwú, Adìẹ Àṣàyàn Ìdí-Òrúrù

Ní ìlú Ìdí-Òrúrù, adìẹ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ lásán. Agbo ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn, láti ayé bàbá ńlá wọn, ni kí wọ́n máa sin irú adìẹ kan ṣoṣo, adìẹ funfun tí gbogbo agbègbè mọ̀ sí àṣàyàn. Aṣàdìẹ ni wọ́n ń pe olórí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Oyèdòkun ni Aṣàdìẹ, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láoyè, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, náà ti kú lọ́dún méjì ṣáájú, ikú tí bàbá náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà lójú òun. Ẹni tó kù sílé pẹ̀lú rẹ̀ ni Àyọ̀ká, opó Láoyè, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ìbéèrè.

Kì í kúkú ṣe gbogbo adìẹ funfun ló ń jẹ́ àṣàyàn. Adìẹ tí yóò jẹ́ orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ funfun láti orí dé ìrù. Àmì dúdú kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀, kì báà ṣe bíi orí abẹ́rẹ́. Ogbe orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó ní eyín márùn-ún, kó má dín, kó má lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti pọ́n bí ìyeyè, kí ìrù rẹ̀ sì nà sókè. Lọ́dọọdún, nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, àwọn àgbà ìlú a wá sí agbo ilé náà láti wo àwọn adìẹ tó dàgbà lọ́dún náà. Èyí tó bá pé, wọn a dá a sí kí irú rẹ̀ má bàa tán. Èyí tó bá lábùkù, ẹ má bi mí léèrè, ẹ bi ìkòkò ọbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí ìran adìẹ náà fi mọ́ tónítóní títí ó fi kan Oyèdòkun, tó jẹ́ Aṣàdìẹ kẹsàn-án.

Òfin kan tún wà tó le ju gbogbo ìyẹn lọ: ojú ni wọ́n fi ń ṣa adìẹ, wọn kì í fi ọwọ́ ṣà á. Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn máa ń ba ìyẹ́ jẹ́, àti pé adìẹ tí wọ́n bá ń gbé kiri kì í dúró dáadáa lójú àgbà. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọmọ adìẹ bá ti yọ nínú ẹyin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ojú Oyèdòkun sì mú. Bí ogún adìẹ bá ń ṣa àgbàdo jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ wo ìyẹn, ìyẹ́ kan fẹ́ máa dúdú lápá rẹ̀ òsì." Wọn a sún mọ́ ọn, wọn a sì bá ìyẹ́ náà níbẹ̀. Àwọn ará ilé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí eṣinṣin bá bà lé adìẹ lóko, Bàbá á rí i láti ilé.

Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, lúkúlúkú sì bá a wọ ìlú. Àrùn náà kò mọ àṣàyàn, kò mọ adìẹ ọbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo adìẹ agbo ilé Aṣàdìẹ ti kú tán, àfi abo kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Òwú. Ẹyin mẹ́sàn-án ni Òwú ń sàba lé lórí nínú agbọ̀n kan, ẹyin tó yé kí àkùkọ tó gbẹ̀yìn tó kú. Oyèdòkun jókòó sórí àpótí lójúde, ó di orí mú.

"Àyọ̀ká," ó ní, "bí ẹyin mẹ́sàn-án yìí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Ohun tí àwọn bàbá mi kò jẹ́ kó sọ nù, ọwọ́ èmi ni yóò kú sí."

"Kò ní bàjẹ́, Bàbá," Àyọ̀ká dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ilé tí Òwú ń sàba sí, Láoyè ló kọ́ ọ. Páànù ni Láoyè fi bò ó, páànù àkọ́kọ́ ní àdúgbò náà, ó sì wí fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀ pé, "Bàbá, adìẹ yín ti ń gbé ilé olówó." (Bí ẹnì kan bá ní ìtàn yìí dàgbà ju páànù lọ, a kò ní bá a jà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa la ṣe ń sọ ọ́.) Láti ìgbà tí Láoyè ti kú, bàbá rẹ̀ kì í wọ inú ilé adìẹ náà mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí tó bá fẹ́ wo ohun tó fẹ́ wò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń lọ wo Òwú. Ó ń wo ìyẹ́ rẹ̀ bó ṣe tẹ́ rẹrẹ, bí ọ̀kan kò ṣe yà kúrò lára èkejì. Ó ń wo bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹyin. Á wá padà sójúde, á ní, "Ara rẹ̀ le. Àbí ẹ ò rí i bó ṣe jókòó bí olorì?" Ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ títí di ìgbà tó bá tún tó àkókò láti lọ wò ó.

Odò ìtòsí ti gbẹ nígbà náà. Odò Àgbàrá tó wà lẹ́yìn òkè ni Àyọ̀ká ti ń pọnmi, ó ń lọ láàárọ̀, ó ń lọ lọ́sàn-án, ó ń lọ nírọ̀lẹ́. Nínú omi yẹn ló ti ń dáná, tó ti ń fọṣọ Bàbá, tó sì ń wọ́n ìyókù yí ilé adìẹ ká kí ilẹ̀ lè tutù. Oyèdòkun ń wo òun náà. Aṣọ rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ wà ní dídì, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú bàbá náà dùn pé nínú gbogbo wàhálà yìí, ẹnì kan wà nílé òun tí nǹkan kan kò ṣe.

Ní ọjọ́ karùn-ún tí Òwú ti ń sàba, ọkùnrin kan wá láti Aráròmí, ìlú tí wọ́n bí Àyọ̀ká sí. Kò jókòó pẹ́. Nígbà tó lọ tán, Oyèdòkun béèrè ohun tó wá ṣe.

"Wọ́n ní ká kí yín ni, Bàbá."

"A dúpẹ́ o," ni Oyèdòkun wí, ó sì dìde láti lọ wo adìẹ.

Ọjọ́ kejìlá ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́. Oyèdòkun ti oko dé lọ́sàn-án gangan. Kò rí Àyọ̀ká ní ilé ìdáná, ló bá gba ọ̀nà ilé adìẹ lọ. Ohun tó bá níbẹ̀ mú kí àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyọ̀ká wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé náà, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ Òwú títí dé ọrùn ọwọ́.

"Àyọ̀ká! Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kí ni mo ṣe ọ́? Adìẹ kan tó kù mí kù!"

Àyọ̀ká kò fa ọwọ́ yọ. Kò sì rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kàn án."

"Èmi? Èmi Aṣàdìẹ?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá kàn án tán, tó bá wù yín, kẹ́ ẹ lé mi lọ."

Ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn tí bàbá náà mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. Ooru tó wà lábẹ́ páànù náà gbá a lójú bí ẹni tó ṣí ìkòkò lórí iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Ó ki ìka bọ abẹ́ ìyẹ́ tó ti ń fi ojú ṣà láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú. Ohun tó bá lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tó rò. Egungun àyà adìẹ náà mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ẹran kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ ń sáré kìkì. Awọ ara rẹ̀ sì rin gbindin.

"Omi lo dà sí i lára ni?"

"Òógùn ni, Bàbá."

Oyèdòkun fa ọwọ́ yọ, ó tẹjú mọ́ ìka rẹ̀ tó tutù. Ó tún wo adìẹ náà. Láti òkè, funfun báláú ni, ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, kò sí ohun tó ṣe é.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó di ọjọ́ kẹrin lónìí tí kò ti sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Kò fẹ́ fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi fún un nígbà tí ẹ bá lọ sóko. Mo ti ṣẹ̀ sí òfin, Bàbá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò ó kó kú sójú mi."

Oyèdòkun gbójú sókè wo páànù náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni, kò sì sí ọjọ́ kan tó wá sí i lọ́kàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun lè máa yan adìẹ òun láàyè. Ó wá ní, "Gbá agbọ̀n náà mú lápá ibẹ̀ yẹn. Yàrá mi là ń gbé e lọ."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n gbé Òwú àti ẹyin rẹ̀ lọ sí yàrá Bàbá, yàrá alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò, tó tutù minimini. Oyèdòkun bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó gbé e síwájú adìẹ náà. Òwú kọ́kọ́ wò ó. Nígbà tó yá, ó ki ẹnu bọ omi, ó gbórí sókè, ó gbé e mì. Adìẹ kò mu omi lọ́wọ́ Aṣàdìẹ kankan rí. Omijé bọ́ lójú bàbá náà, kò sì nù ún.

Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí Àyọ̀ká. Ó rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó rí i pé egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ, ó sì ti fi ìlẹ̀kẹ̀ bò ó kó má bàa hàn.

"Àyọ̀ká, kí ni ará Aráròmí yẹn wá sọ?"

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ká kí yín ni."

"Má rẹ́rìn-ín sí mi, ọmọ mi. Kí ló wá sọ?"

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Ìyá mi ń ṣàìsàn, Bàbá. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ bá a láyé, kí n tètè máa bọ̀."

"Láti ọjọ́ méje sẹ́yìn! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ta ni yóò pọnmi fún Òwú? Ta ni yóò dáná fún yín? Láoyè ti lọ. Tí adìẹ yìí bá tún lọ, kí ló kù fún yín láyé?"

Bó ti sọ ọ́ tán ni ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sun ẹkún ìyá rẹ̀, ó sun ti Láoyè mọ́ ọn, ẹkún ọdún méjì tí kò jẹ́ kí bàbá náà rí. Oyèdòkun fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ìwọ ni," ó ní. "Ìwọ ló kù fún mi. Adìẹ kọ́."

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, ó ti wá ẹni tó máa sin Àyọ̀ká dé Aráròmí. Òun fúnra rẹ̀ gbé kèrègbè, ó gba odò Àgbàrá lọ. Àwọn obìnrin tó pàdé lọ́nà kò jẹ́ kó rímú mí. "Bàbá, ṣé wọ́n ti gbé yín níyàwó ni, tẹ́ ẹ fi ń pọnmi ìyàwó tuntun?" Ó ní, "Òwú ló gbé mi, ó sì rorò ju ọkọ gbogbo yín lọ." Nígbà tó máa dé ilé, ẹ̀yìn ń dùn ún, ọrùn ń ro ó. Ó wá mọ bí ọ̀nà odò náà ṣe jìn tó.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ọmọ méje yọ nínú ẹyin mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n lè dá rìn, Oyèdòkun mú akọ kan àti abo kan sínú agbọ̀n kékeré, ó sì lọ sí Aráròmí. Ìyá Àyọ̀ká ti ń jókòó síta nígbà náà, àìsàn ti fi í sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá gbé agbọ̀n náà síwájú rẹ̀. Adìẹ àṣàyàn kò jáde ní Ìdí-Òrúrù rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

"Ẹ gbà á, Ìyá," ó ní. "Ọmọ yín ló tọ́ wọn, kí n tó mọ ohun tó ń ṣe."

Nígbà tí ìyá náà gbádùn tán, Àyọ̀ká padà wá fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Iṣu tuntun jáde, àwọn àgbà ìlú dé láti wo adìẹ. Márùn-ún ló wà níwájú wọn, wọ́n funfun, ogbe wọn dúró. Àwọn àgbà ti ń mi orí pé ó dára, ni Oyèdòkun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àkọ́kọ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní, "Aṣàdìẹ, kí lò ń wá níbẹ̀? Ṣé ojú rẹ ti fọ́ ni? Adìẹ tí gbogbo wa ń wò yìí, kí ló ṣe é?"

Oyèdòkun kò fa ọwọ́ yọ. Ó wo Àyọ̀ká tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dá wọn lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa, òun náà la sì ń pa lówe títí dòní nígbà tí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn bá ń rẹ́rìn-ín sí wa, pé: adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.