Ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ Létí Ọ̀dàn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ yéé ti ara yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bá Erin pa ekùrọ́ láàárín igbó. Ilé há níbẹ̀, ariwo pọ̀, ló bá kó ìyàwó rẹ̀ lọ sétí ọ̀dàn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ mẹ́ta. Ilé náà dára, ẹ̀yin ọmọ, àmọ́ ó jìnnà síbi iṣẹ́ Erin. Kí àkùkọ tó kọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ á ti jáde. Ọmọ á ti sùn kó tó dé.

Lọ́jọ́ kan, àgbàrá wọ́ afárá ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ padà sílé lójú oòrùn.

Àkọ́bí gbé omi wá: "Ẹ mumi, bàbá àlejò."

Èkejì tẹ́ ẹní síta: "Ẹ jókòó de bàbá wa. Wọ́n máa ń pẹ́."

Ó fẹ́ wọlé, àbíkẹ́yìn dí ẹnu ọ̀nà, ó ń kọrin. Ẹ máa gbè é:

Àlejò, ta lẹ wá bá?
Kínrinjìn!
Bàbá wa kò sí nílé.
Kínrinjìn!
Ìdájí la ń gbúròó wọn.
Kínrinjìn!

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Èmi gan-an ni bàbá yín!"

Ìyàwó ti oko dé. Àkọ́bí ní, "Ìyá, bàbá yìí ní àwọn ni bàbá wa."

Òun náà, inú òkùnkùn ló ti ń gbé oúnjẹ fọ́kọ. Ó wo àlejò lókè, ó wò ó nílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ohùn bàbá yín nìkan ni mo mọ̀ dájú."

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Bí mo bá purọ́, kí ọ̀nà gbàgbé ẹsẹ̀ mi.