Fadérera àti Ẹbọ Ọkọ̀ Ṣífìlà

Òkè ń dán, abẹ́ ń jẹrà.
Ìpáàrà kì í sọ fún ẹni tó ni irin kó tó jẹ irin.
Ọ̀rọ̀ yìí ni awo sọ fún Fadérera, agbẹ̀bí ìlú Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ní ọjọ́ tí ó ra ohun tí gbogbo ìlú ní kó má rà.

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ó ṣojú mi. Mo wà lára àwọn tó fi í ṣẹ̀sín.

Nígbà tí Fadérera jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó fẹsẹ̀ rin nínú òjò dé abúlé kan, ó lọ gbẹ̀bí ìyàwó olówó kan. Ìgè ni ọmọ náà, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Ọlọ́run bá a ṣe é, ìyá yè, ọmọ yè. Olówó yìí ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá dára, olówó á ká aṣọ náà sẹ́yìn, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ lórí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọkọ̀ náà ní Ṣífìlà. Fadérera bẹ olówó pé kó gbé òun délé. Olówó wo aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó ní, “Awọ ni àga ọkọ̀ mi. Máa rìn díẹ̀díẹ̀, wàá délé.”

Fadérera rìn délé. Kò sì gbàgbé.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì kọjá. Olówó ti kú, adìẹ ti ń yé sínú Ṣífìlà. Àwọn ọmọ olówó ní àwọn fẹ́ tà á. Fadérera kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, ó rà á. Okùn ni wọ́n fi fà á wọ ìlú. Ẹ̀rín pa wá.

Adégòróyè, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Inú ló ń bí i.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tà á fún àwọn onírin àlòkù. Ọkọ̀ yìí á jẹ yín run.”

Fadérera ní, “Jẹ́ kó jẹ mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá owó náà. N kò níí tọrọ àṣẹ kí n tó ná an.”

Ó gba ọ̀dọ̀ Fágbàmílà lọ. Awo ni Fágbàmílà, mẹkáníìkì sì ni. Ogójì ọdún ló ti fi ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wò ó. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kan ilẹ̀ rẹ̀. Òòlù wọlé sínú irin bí ẹni pé inú ẹ̀kọ ló wọ̀. Fágbàmílà jáde, ó nu ọwọ́.

Ó ní, “Ìyá Agbẹ̀bí, Ifá ní ire ń bẹ nínú ohun tí ẹ rà, ṣùgbọ́n ikú sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹbọ abẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rú. Ẹ pààrọ̀ bíréèkì. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù omi àti gbogbo rọ́bà tí omi ń gbà dé ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó irin tuntun sí ibi tí ìpáàrà ti jẹ. Ẹ fi àkùkọ kan bọ Ògún. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀dà, ẹ má tíì fọwọ́ kan aṣọ orí rẹ̀. Ti òkè ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Fadérera gbọ́. Ó bọ Ògún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa ń ta á lára. Kò sí ẹni tó máa rí rọ́bà tuntun nínú ẹ́ńjìnnì kó pa ẹnu mọ́. Ó wá mú owó ẹbọ abẹ́, ó fi ra ọ̀dà, ó fi ra aṣọ orí ọkọ̀, ó ní kí wọ́n fi awọ tuntun bo àga. Ó ní òun á ṣe ti abẹ́ tó bá yá.

Ní ọjọ́ ọjà, ó ká orí Ṣífìlà sẹ́yìn, ó gun òkè tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọkọ̀ náà rẹwà, n kò níí purọ́. Kò tíì dé ìdajì òkè tí omi fi bẹ́ nínú rọ́bà àtijọ́. Èéfín bo ojú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kú. Fadérera tẹ bíréèkì, bíréèkì ò dáhùn. Ọkọ̀ ń yí sẹ́yìn lọ sí àárín ọjà. Àwọn ènìyàn ń sá, ọmọ ń ké. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó fi ìdí ọkọ̀ gún òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ibẹ̀ ló dúró sí.

Adégòróyè sáré dé. “Ṣé ẹ wá rí i báyìí?”

“Mo rí i. Lọ bá mi wá okùn.”

Nígbà tí Fadérera dé ọ̀dọ̀ Fágbàmílà, ó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, “Ọkọ̀ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo kọ etí ikún.”

Ẹbọ ti wá pọ̀ sí i. Ooru ti tẹ orí ẹ́ńjìnnì, irú rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Òkè òkun ni wọ́n ti ránṣẹ́ sí i, oṣù mẹ́wàá ló gbà. Fadérera ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó ta sányán ìyá rẹ̀. Ohun tí Ṣífìlà gbà ju ohun tó fi rà á lọ ní ìlọ́po méjì. Ó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lójú wa. A ń bi í pé, “Ọkọ̀ ńkọ́?” Ó ń dáhùn pé, “Ó ń gba ìtọ́jú. Tiyín ńkọ́?” Ọ̀pọ̀ wa ò ní kẹ̀kẹ́.

Ó rú ẹbọ abẹ́ tán pátápátá. Ó gbé ọkọ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà Adégòróyè.

“Wọ ọkọ̀, tàbí kí o dákẹ́ títí ayé.”

Àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀. Wọ́n gun òkè, ẹ́ńjìnnì kò gbóná. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́nà kejì nígbà tí igi ìrókò kan já lẹ́yìn agbégilódò tó wà níwájú wọn, ó ṣubú dábùú ọ̀nà. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, àpáta lápá òsì. Fadérera tẹ bíréèkì. Ṣífìlà dúró. Ìwọ̀n apá kan péré ló kù kó kan igi náà. Nígbà tí Adégòróyè máa sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan táyà ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀.

Fadérera ń yọ̀, ó ń yin awo rẹ̀. Awo ń yin Ifá. Baálẹ̀ kan wá, ó fẹ́ ra Ṣífìlà ní owó gọbọi. Fadérera ní kò sí lọ́jà. Lọ́dọọdún tí òjò bá dé, aṣọ orí rẹ̀ á tún jò, nǹkan mìíràn á tún bàjẹ́. Lọ́dọọdún náà ló ń rú ẹbọ rẹ̀.

Ẹbọ àìrútán ló ń pa ẹlẹ́bọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ohun arẹwà, kó rú ẹbọ abẹ́ rẹ̀, kó sì rú u tán. Ẹni tí kò bá lè rú u, kó kúrò lójú ọ̀nà fún ẹni tó ń rú u.