Irin Ìṣáná Àṣámú Ahunṣọ

Àṣámú jẹ́ ahunṣọ ní ìlú Ìdófì. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí aṣọ rẹ̀ ti kún àpótí mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí òfì, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sì sí ìyàwó òṣìngín ní Ìdófì tí kò fẹ́ kí ó bá òun hun ìró. Bí ó bá wọ aṣọ kan lónìí, oṣù á lé kí ẹ tó tún rí i lára rẹ̀. Èyí tó bá ṣá díẹ̀, tàbí tí epo ta sí, á jù ú sórí àkìtàn, á ní aṣọ gbígbó kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ní ọjọ́ ọdún kan, ó dìde láàárín àwọn ahunṣọ, ó ní kí wọ́n ka aṣọ òun, kí wọ́n ka ti Baba Ọ̀jẹ̀lábí tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, kí wọ́n wò ó bóyá òun kò ní tó o. Àwọn ọ̀dọ́ kà á lóòótọ́, aṣọ àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Baba Ọ̀jẹ̀lábí rẹ́rìn-ín ni tirẹ̀, ó ń bá ẹmu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún lè gba Àṣámú nímọ̀ràn mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọjà ọdọọdún ìlú Apáta kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀nà Apáta kò dára rárá. Igbó Ayín ló wà láàárín, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń là á kọjá, ìkookò sì ń gbé inú rẹ̀. Kì í ṣe ìkookò tó ń sá fún ènìyàn o. Wọ́n ti pa alájàpá kan jẹ níbẹ̀ rí, àwọn ará ilé rẹ̀ kò rí egungun kan kó wálé. Iná nìkan ni àwọn ẹranko yìí ń bẹ̀rù. Ìṣáná inú páálí tí a ń lò lónìí kò tíì dé ilẹ̀ wa nígbà náà. Irin ni wọ́n ń ṣá mọ́ òkúta. Ẹni tí iná rẹ̀ bá jó di òwúrọ̀ ní Igbó Ayín á dé Apáta. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ràn, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Àṣámú fi lọ sí ilé arọ tí wọ́n ti ń rọ irin ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò náà.

"Irin ìṣáná tí kò ní já mi kulẹ̀ ni mo ń fẹ́," ó wí fún alágbẹ̀dẹ. "Ìyàwó mi ni mò ń mú dání."

Alágbẹ̀dẹ kó irin mẹ́ta sílẹ̀. Èkínní ta iná díẹ̀. Èkejì sàn jù ú lọ. Ìgbà tí ó ṣá ẹ̀kẹta, iná ta pàrà-pàrà títí ilé arọ fi mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Àṣámú kò tíì gbà. Ó gbé irin náà síta, ó ṣá a lójú afẹ́fẹ́. Ó rì í bọ omi, ó nù ún, ó tún ṣá a. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó mú un, ó ṣá a. Ìgbàkígbà tó bá ṣá a, iná ń ta. Ó wá yan òkúta tó le jù nínú agbọ̀n alágbẹ̀dẹ, ó ra àpò awọ tí ìrì kò lè wọ̀, ó kó méjèèjì sínú rẹ̀. Èmi kò bá a wí. Bó ṣe yẹ kí a yẹ irin wò náà ló ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Baba Ọ̀jẹ̀lábí jókòó níbẹ̀, ó ń dúró de ọkọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lù. Ó ní, "Àṣámú, irin yẹn dára. Kí ni iná rẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹ?"

"Baba, ṣé igi ló máa wọ́n nínú igbó ni?"

"Igi kọ́ ni iná ń kọ́kọ́ jẹ. Ọmọ tuntun kì í fi iyán bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ."

Àṣámú wo irin ìṣáná tó wà ní ìbàdí bàbá náà. Ó ti jẹ títí ó fi tín-ín-rín bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò kù. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ bá mi tọ́jú tiyín ná."

"Èmi náà ń lọ sí Apáta lọ́la," ni Baba Ọ̀jẹ̀lábí dá a lóhùn, kò sì bínú. "Ìpàdé wà láàfin láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, a lè jọ gbéra."

"Ọjà kì í dúró de ẹni, Baba."

Nígbà tó délé, Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró de Baba. Ẹ̀rù igbó yẹn ń bà mí."

"Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣáná?" ni Àṣámú wí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: òun gan-an ni kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, iná kì í kú tán nínú agbo ilé wọn. Bí ti àdìrò kan bá kú, wọ́n á lọ mú ògúnná ní òmíràn. Kò dá iná láti ìbẹ̀rẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun kò dá a rí.

Wọ́n gbéra ní ìdájí. Àtọ́kẹ́ ru oúnjẹ, Àṣámú ru ìdì aṣọ, ó so àpò awọ mọ́ ìbàdí. Wọ́n la odò Ayín kọjá lórí òkúta, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn odò náà ni ẹsẹ̀ Àtọ́kẹ́ wọ ihò òkété. Ó ṣubú tòun tẹrù, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kò sì lè fi tẹlẹ̀ mọ́. Àṣámú pọ̀n ọ́n títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún pọ̀n ọ́n. Ibi tí àwọn èrò máa ń sùn ṣì jìn. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ sì ń ṣú kánkán. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n dúró sí ìdí àpáta kan níbẹ̀.

"Má ṣèyọnu," ni Àṣámú wí. "Iná wà lọ́wọ́ wa."

Ó ṣa igi gbígbẹ jọ, ó kó ewé gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Bí ó ti ń tú àpò awọ ni wọ́n gbọ́ igbe kan lókèèrè. Òmíràn dá a lóhùn nítòsí. Àtọ́kẹ́ di apá ọkọ rẹ̀ mú. Àṣámú ṣá irin mọ́ òkúta, iná sì ta pàrà bó ṣe ta nílé arọ. Ó bọ́ sórí ewé, ó kú. Ó tún ṣá a, ó tún kú. Ó kó ewé dànù, ó fi koríko rọ́pò. Iná ń bọ́ sórí koríko, ó ń kú.

"Ẹ fi aṣọ sí i," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Aṣọ máa ń jó."

Ó tú ìdì aṣọ. Ó fa ẹtù tuntun kan ya, ó ká a jọ, ó ṣáná sórí rẹ̀. Iná náà bọ́ sí i, ó fi ojú dúdú kékeré sílẹ̀ níbẹ̀, ó kú. Ó fa àlàárì ya. Bákan náà ni. Ó fa sányán ya, èyí tó fi oṣù méjì hun, kò tiẹ̀ ronú lé e lórí.

Ìgbà tó ṣáná lórí sányán náà ló rí ojú mẹ́fà nínú igbó.

Ìkookò mẹ́ta ni. Bí iná ti ta, wọ́n fò sẹ́yìn. Inú Àṣámú dùn, ó tún ṣá a, wọ́n tún sún sẹ́yìn. Ó wá ń ṣá a láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹranko kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, bí iná bá ta, wọn kì í fò mọ́, wọ́n kàn ń tẹrí ba. Nígbà tó tún pẹ́ sí i, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wòran. Wọ́n ti mọ̀ pé iná yìí kò lè jó ohunkóhun. Èyí tó tóbi jù dìde, ó rọra ń bọ̀, òórùn ẹnu rẹ̀ sì ti kan Àṣámú nímú.

Jìnnìjìnnì bò ó. Ó yára ṣá a, irin yẹ̀ kúrò lórí òkúta, ó bó awọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun. Ìkookò gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn méjì tó kù dìde.

"Ẹ máa lọ," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ẹsẹ̀ tiyín kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni wọ́n máa dúró tì. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé mi ò jẹ̀rora púpọ̀."

Kí n má parọ́ fún yín, Àṣámú rò ó. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó wo ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojú sì tì í kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ó bọ́ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó fa aṣọ kẹrin ya, ó ń ṣáná, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni ohùn kan ké láti ọ̀nà odò: "Ẹ má sá o! Ẹ má kẹ̀yìn sí wọn! Mò ń bọ̀!"

Baba Ọ̀jẹ̀lábí ni. Ọ̀sán ló kúrò nílé bó ṣe wí, òdìkejì odò ló sì fẹ́ sùn. Òun náà ló yọ láàárín igi pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ yìí, omi odò ń ro lára rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ àwọn ẹranko náà. Wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, wọn kò lọ.

"Mo rí iná yín láti òkèèrè," ó wí, ó ti kúnlẹ̀ ti koríko. "Ó ń ta, kò ràn. Mo ní ọmọ yìí kò ní àkísà lọ́wọ́."

Ó yọ ìwo ẹfọ̀n kékeré kan, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fa àkísà dúdú kan jáde, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbé e lé orí òkúta rẹ̀. Ó ṣá irin tó ti jẹ tán yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ta. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, iná ẹyọ kan ṣoṣo bọ́ sórí àkísà. Kò kú. Ó pọ́n, ó ń fẹ̀ sí i. Bàbá fi koríko wé e, ó rọra fẹ́ ẹ, èéfín rú, iná sì sọ lala. Nígbà tí igi gbígbẹ gbà á, ìkookò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí padà, wọ́n sá wọ igbó lọ.

Àtọ́kẹ́ bú sẹ́kún. Àṣámú dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, kò dìde títí Baba Ọ̀jẹ̀lábí fi fọwọ́ kàn án léjìká.

"Baba," ó ní, "aṣọ mẹ́rin ni mo ya. Aṣọ gidi ni. Kí ló dé tí iná kò gbà á?"

"Aṣọ tuntun kì í gba ẹ̀ta iná. Èyí tí mo fi dá iná yìí, òun ni mo fi gbé ìyá àwọn ọmọ mi níyàwó. Mo wọ̀ ọ́ ròde títí ó fi ṣá. Mo wọ̀ ọ́ roko títí ó fi ya. Ìyá wọn fi pọn ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, mo sun ún nínú ìkòkò tí mo dé lẹ́nu, kó dúdú láìdi eérú. Ogójì ọdún ló fi dé inú ìwo yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí màá ṣe ṣe é. Kò sí ohun tí mi ò lè hun."

Baba Ọ̀jẹ̀lábí ti igi sínú iná. "Ọmọ mi, aṣọ ni à ń hun. A kì í hun àkísà."

Àṣámú wo aṣọ mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Ó ti ya wọ́n wẹ́lẹwẹ̀lẹ, síbẹ̀ wọ́n ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ iná, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì di àkísà. Ó kó wọn jọ, ó fi di ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Ìdófì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í bí ìrìn-àjò ṣe rí, gbólóhùn kan péré ló fi dá wọn lóhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.