Ẹ̀kán Omi Dúdú Inú Igbó Àgbàrádúdú

Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìdí lé igi ìdáná mi láì bèèrè, ẹ̀yin náà, ẹ kú ìjókòó. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ bíbí Òkè-Agbede, ìlú tí a ti máa ń kí àlejò títí oúnjẹ rẹ̀ yóò fi tutù. Láníhùn, ìwọ tí o ń bu ẹmu fún mi, rọra o, nítorí ọ̀rọ̀ bíbù gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, mo ki ẹ̀tù sínú ìbọn, mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé akèrègbè omi kọ́ èjìká, mo mú ajá mi, Kògbọ́tèmi, tí ó sùn sábẹ́ àga mi yìí, a sì wọ Igbó Àgbàrádúdú, igbó tí igi rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ń tọrọ àyè kí ó tó wọlé. Ní ọjọ́ tí ejò bù mí jẹ, ajá yìí ló lọ pe ìyàwó mi wá láti oko, nítorí náà bí mo bá ní mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀, a dé ibi àpáta pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá odò. Ajá bọ́ sódò, ó wẹ̀, ó gòkè, ó sì gbọn ara bí ajá ṣe ń gbọn ara. Ni ẹnì kan bá sọ lẹ́yìn mi pé, "Ọdẹ, ajá yín ti tú odi ìlú mi ká."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí alégbà kan tí ó dé adé, ó jókòó bí aláǹgbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, odi wo?"

"Ẹ wo àpáta."

Mo wò ó, n kò rí ju ẹ̀kán omi dúdú kan lọ, tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Alégbà bá fi ahọ́n lá ojú mi méjèèjì, ó tutù, ó sì ń rùn, ojú mi sì là sí ohun kékeré. Ẹ̀kán omi náà fẹ̀ bí ọ̀sà, àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní ọmọ Èédú, sì kún inú rẹ̀ bámúbámú: wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, inú wọn sì ṣófo bí ọ̀pá ìbọn, tí afẹ́fẹ́ bá gba orí ẹnì kan wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbà jáde. Wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn bí irun orí tí kò rí òòyà.

Alégbà ní, "Àwọn wọ̀nyí gan-an ni odi ìlú mi. Nígbà tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, erin kò lè já wọn. Ajá yín da omi lù wọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ tò wọ́n padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá sọ ajá yín di òkúta ẹnu ọ̀nà." Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì ti so Kògbọ́tèmi mọ́ gbòǹgbò igi kan nínú odò létí ibẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbọn ara.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni mo ń to àwọn ọdẹ ìlú yìí ní ọjọ́ ọdún. N kò rò pé ìyẹn le. Mo kígbe pé, "Ẹ tò!" Ẹnikẹ́ni kò mira. Mo fi ẹ̀gún tẹ́ẹ́rẹ́ na ọ̀kan gbọọrọ, ó tún wọ́ lọ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan láàrin wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìdíkòkò, yọ orí síta.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ má pariwo mọ́. A kò ní etí, ihò nìkan la ní. Igbe yín kàn ń gba inú wa kọjá ni."

Oòrùn ń mú, omi náà sì ń fà. Àánú ṣe mí. Mo ní, "Ìyá, omi yín ń gbẹ, ẹ óò kú." Mo kán omi sí i láti inú akèrègbè mi.

"Ó tó, bàbá. Ẹ má bù sí i mọ́. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀yin ará Òkè-Agbede, níbo la ti ń gbọ́ "ó tó" tí a ń dáwọ́ dúró? Àlejò tí a ń bu omi fún tí ó ní ó tó, ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣe. Bí a bá gbà á gbọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ wa káàkiri. Mo tún kán sí i.

"Bàbá, mo ní ó tó!"

"Ìyá, ẹ má tijú. Bí ilé yín ni kí ẹ ṣe."

"Ta ló ń tijú? Ilé wa náà kọ́ lẹ ń da omi sí yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo kán òmíràn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ dé etí omi, omi tuntun á tún tú wọn ká, èmi á sì máa rò ó nínú ara mi pé ọpẹ́lọpẹ́ mi. Báyìí ni akèrègbè fi gbẹ. Mo kọjú sódò, Alégbà na ìrù dínà. Ó ní, "Ajá yín ti lo ìpín omi tiyín."

Oòrùn ti ń tẹ̀. Mo jókòó, mo káwọ́ lérí, mo ń wo ajá mi, mo ń ro ohun tí màá sọ fún ìyàwó mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí i. Etí ẹ̀kán omi náà di àpáta mú, kò súnkì. Ibi etí yẹn ló ń yára gbẹ jù, omi àárín sì ń ṣàn lọ dí àyè rẹ̀, ó ń gbé àwọn ọmọ Èédú lọ bí odò ṣe ń gbé igi gẹdú. Bí wọ́n ṣe ń dé etí ni àyè ń fún wọn. Ẹni tí ó dábùú kò rí ibi sùn, ó yí padà, ó sùn ti ẹnìkejì rẹ̀. Òmíràn dé, ó sùn ti ìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ. Nígbà tí omi tán, òrùka dúdú kan wà lórí àpáta, ó ń dán, gbogbo wọn kọrí sí ọ̀nà kan bí koríko òrùlé tí a fara balẹ̀ tò.

Ìyá Ìdíkòkò sọ láti inú ìlà pé, "Láti òwúrọ̀ la ti ń bẹ̀ yín."

Alégbà fi ìrù lu òrùka náà. Ìrù ló dùn ún. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára. Ọgbọ́n wo lẹ dá?"

"Kábíyèsí, omi ló tán lọ́wọ́ mi."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Màá sọ fún àwọn ìjòyè mi pé oògùn ni."

Wọ́n tú ajá sílẹ̀. Ó sáré bọ̀, inú rẹ̀ ń dùn, omi ń kán lára rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka náà gan-an, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Alégbà rí i. Ìyá Ìdíkòkò rí i. Mo fò lé e, mo fi gbérí mi wé e bí ọmọ tuntun, ó sì gbọn gbogbo omi odò náà sí mi lójú, sí mi nímú, sínú ẹ̀tù mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e mọ́ àyà títí a fi kúrò nínú igbó. Ó wúwo, kò sì dúpẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ wa gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n tò. Bí irú wọn bá ní ó tó, kí a gbà wọ́n gbọ́, kí a jókòó, kí oníkálukú di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ẹ máa lọ sílé wàyí, kí ẹ bá àwọn ará ilé yín láyọ̀. Èmi náà fẹ́ sùn. Láníhùn, ó tó. Mo ní ó tó, Láníhùn: ẹmu ti ń kán sí ajá lára.