Òṣùwọ̀n Tí Kò Mọ Adé

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí wọ́n ṣì ń wọn ọkà bàbà wò kí wọ́n tó gbà á sí àká, ọ̀dá dá ní Òkè-Àká fún ọdún méjì. Irúgbìn tó kù nílùú kò ju èyí tí wọn yóò gbìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá bàjẹ́, ìlú tú nìyẹn. Gbogbo ilé ló gbé igbá ọkà kọ̀ọ̀kan wá sẹ́nu àgbàlá ọba, níbi tí òṣùwọ̀n wà. Òkúta wà ní apá kan, ọkà ní apá kejì. Èyí tó bá tẹ̀wọ̀n, ó wọ àká. Èyí tó bá fúyẹ́, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀, yóò sì ran ìyókù.

Ìbídùn ni òǹwọ̀n, ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ kì í gbàbọ̀dè. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ìyá rẹ̀, ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń dìde jókòó, tó ń jókòó dìde, nítorí ọmọ rẹ̀ ti kọ ọkà tirẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Ìyá mi, ẹ má bínú, ó fúyẹ́," ni Ìbídùn ti wí fún un lórí ìkúnlẹ̀.

Ìyá fi aṣọ bo igbá rẹ̀, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn èrò. Kò lè lọ sílé, kò sì lè dúró jẹ́ẹ́.

Nígbà náà ni wọ́n gbé ọkà Aláká, ọba ìlú, wá. Òkúta wálẹ̀, igbá ọba lọ sókè.

Ọ̀tún ọba rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, tún un wọ̀n. Bóyá ebi ń pa òṣùwọ̀n rẹ."

Ó tún un wọ̀n. Igbá tún lọ sókè.

"Kábíyèsí," ni Ìbídùn wí, "òṣùwọ̀n kò lójú, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ adé. Bí mo bá gba èyí, gbogbo ọmọ ìlú yìí ni mo fi ebi pa."

"Ọ̀tẹ̀ ni," ni Ọ̀tún wí. "Ẹ mú un."

Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbá a lọ́wọ́ mú ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ la èrò kọjá, tí ó gbé igbá ìtìjú rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ọba.

"Kábíyèsí, èmi ni mo bí i. Ọkà tèmi rèé. Ó ti kọ̀ ọ́ kí ó tó kan tiyín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tẹ̀, èmi tí mo fún un lọ́mú ni ó kọ́kọ́ dìtẹ̀ sí."

Ọba wo igbá méjèèjì títí. Ó bu ọkà tirẹ̀, ó fọ́n ọn fún adìẹ.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni ó wí. "Ẹni tó lè kọ ti ìyá rẹ̀ kò lè rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ fi í sílẹ̀."

Òjò rọ̀, irúgbìn hù. Ìbídùn wọn ọkà títí ó fi darúgbó. Ìdí òṣùwọ̀n ni ó sùn sí tí kò jí mọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Òkúta tó fi ń wọn ọkà wà níbẹ̀ dòní. Lọ́dọọdún, ọkà ìyá ẹni tó bá jẹ́ òǹwọ̀n lọ́dún náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀n, ti ọba a tẹ̀ lé e. Títí igbá rẹ̀ yóò fi dúró lórí òṣùwọ̀n, ìyá náà kì í lè jókòó.